Bódìjà àti Ilẹ̀ tí Àwa Náà Ń Rà

(Ọ̀rọ̀ tí Alábòójútó Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ẹdẹ)



Láìpẹ́ yìí ni mo ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, tí wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n rà síwájú mi. Wọ́n ti pín gbogbo rẹ̀ sí pọ́lọ́ọ̀tì tán. Wọn kò fi àyè gọ́tà sílẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti igi. Mo bi akọ̀wé pé níbo ni òjò yóò gbà kọjá. Ó ní, "Ọ̀gá, Ọlọ́run yóò ṣe é." Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Bódìjà ní Ìbàdàn fún yín.

Ní 1958, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba sílẹ̀. Bódìjà ni ẹ̀sítéètì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Sẹkitéríàtì Agodi kò jìnnà sí i, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lápá kejì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ lè ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìlàágùn. Ẹni tí owó ilé kò pé lọ́wọ́ rẹ̀ ń san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwa alájẹṣẹ́kù mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí mo ń kàwé ní Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn gba Bódìjà Àtijọ́ kọjá. Ilé kì í fara kan ilé. Ọgbà wà níwájú wọn, igi máńgòrò ṣíji bo ọ̀nà. Bí èèyàn bá ti Ọjà Bódìjà bọ́ síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń já ẹ̀wà àti iṣu lórí ọkọ̀, etí rẹ̀ á sinmi.

Ṣùgbọ́n àwọn onílé àkọ́kọ́ dàgbà, àwọn mìíràn kú. Ilé di ṣọ́ọ̀bù, ó di ọ́fíìsì, ó di ilé ìwé. Ayálégbé sanwó, kò sẹ́ni tó bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, ohun abúgbàù dún níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé púpọ̀ bàjẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ tí ń gbé inú ilé kan ni wọ́n kó o pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ tiwa. Sẹkitéríàtì Ọ̀ṣun wà ní Abéèrè, láàárín Ẹdẹ àti Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń wọkọ̀ lọ láàárọ̀, ẹ ń padà wá sùn ní Ẹdẹ. Ilẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń rà báyìí. Kí ẹ tó pín in, ẹ yọ ọ̀nà, ẹ yọ gọ́tà, ẹ yọ àyè igi. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ohun tí a lè fi ilé ṣe, àti pé kí onílé mọ iṣẹ́ ayálégbé rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò kùn.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti gbà láti pe sọ̀fẹ́yọ̀ padà. Pọ́lọ́ọ̀tì mẹ́ta ni yóò dínkù. Ní Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó jókòó lórí owó àwọn mẹ́ta tí ọ̀ràn náà kàn.