Ẹgbẹ́ Àwọn Tí Ń Kó Sítáǹpù Jọ

Ọ̀rọ̀ tí olóòtú ètò yìí ní kí n wá sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ sítáǹpù ni, bébà pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ igun lẹ́tà kí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó gbà á, àti ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí ń kó o jọ, tí wọ́n tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ti máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Àgbàlagbà wo ni yóò jókòó tí yóò máa tọ́jú bébà tí ẹlòmíràn ti lò tán?" Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti dáhùn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1840 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé sítáǹpù àkọ́kọ́ jáde. Dúdú ni, orí Ọbabìnrin Victoria ni ó wà lára rẹ̀, kọ́bọ̀ kan ni iye rẹ̀. Rowland Hill ni ó dá ìmọ̀ràn náà. Kí ìgbà náà tó dé, ẹni tí a kọ lẹ́tà sí ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀, owó náà a sì máa pọ̀ sí i bí ọ̀nà bá ti jìn sí. Tálákà tí lẹ́tà bá dé bá yóò wò ó lójú, yóò sì dá a padà nítorí kò rí owó san. Hill ní kí ẹni tí ń ránṣẹ́ kọ́kọ́ sanwó, kí iye náà sì kéré, kí ó kárí gbogbo ilẹ̀ náà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí a ti lò jọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, àwọn kan ní London a máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé ní ilé ìjọ All Hallows Staining, lọ́dọ̀ àlùfáà Francis Stainforth, láti fi sítáǹpù han ara wọn àti láti ṣe pàṣípààrọ̀. Ní 1864, ará Faransé kan, Georges Herpin, fún iṣẹ́ náà ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é dòní, philatélie. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti ṣẹ́ ẹ: ìfẹ́ ohun tí ẹni tí ó gbà á kò ní sanwó lé lórí mọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1869, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní London, Sir Daniel Cooper sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ní 1906 Ọba Edward Keje yọ̀ǹda fún wọn láti máa pe ara wọn ní ẹgbẹ́ ti ọba. Kò sí ẹgbẹ́ irú rẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè tí ó dàgbà jù ú lọ.

Ọmọ Ọba George, tí ó gorí oyè ní 1910, ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ yìí láti 1896. Ní 1904 ó san £1,450 lórí sítáǹpù Mauritius kan ṣoṣo ní gbàǹjo. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìjòyè kan bi í bóyá ó ti gbọ́ pé òmùgọ̀ kan fi owó bẹ́ẹ̀ ra bébà kan, ó sì dáhùn pé òun gan-an ni òmùgọ̀ náà.

Èmi kò fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ owó yìí sọ́kàn jù. Lóòótọ́, ọmọ ilé ìwé ọlọ́dún méjìlá kan, Vernon Vaughan, rí sítáǹpù British Guiana kan láàrin àwọn ìwé ìdílé rẹ̀ ní 1873, ó sì tà á ní ṣílè mẹ́fà. Ní 2014 a lu sítáǹpù náà ní gbàǹjo ní New York, ó sì wọ dọ́là tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ tí a mọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú sítáǹpù ayé kò tó owó àkàrà. Ẹni tí ó bá tìtorí owó kó o jọ yóò tètè sú.

Kí ni ẹgbẹ́ wà fún nígbà náà? Àkọ́kọ́ ni pé ojú ẹnìkan kò tó. Èké pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, bí ó ti pọ̀ nínú wúrà. Láti 1894 ni ẹgbẹ́ London ti ní ìgbìmọ̀ tí ń yẹ sítáǹpù wò, tí ń kọ̀wé jẹ́rìí bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Nígbà tí ẹnìkan sọ pé òun ti rí ìkejì sítáǹpù Guiana náà, ìgbìmọ̀ yìí ni ó yẹ̀ ẹ́ wò tí ó ní èké ni. Ní àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, ohun tí wọ́n ń ṣe kò le tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ìpàdé, ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò tẹ́ ohun tí ó ní sílẹ̀, yóò sì ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn yòókù yóò jiyàn. Ìwé pàṣípààrọ̀ yóò máa ti ilé dé ilé: oníkálukú yóò mú èyí tí ó wù ú, yóò fi owó rẹ̀ sílẹ̀, yóò fọwọ́ sí àyè tí ó ṣófo. Bí ẹnìkan bá ṣojúkòkòrò lẹ́ẹ̀kan péré, ìwé náà kò ní dé ilé rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé wàyí. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 1874 ni sítáǹpù tí a kọ orúkọ Èkó sí kọ́kọ́ jáde. Ilé iṣẹ́ De La Rue ní London ni ó tẹ̀ wọ́n, kò sì pẹ́ tí oríṣi wọn fi pé mẹ́fà: kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ méjì, tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́rin, sísì, àti ṣílè kan. Ẹ kíyè sí ọdún náà. Ní 1874 yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Èkó sábẹ́ Gold Coast, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di 1886. A ń ṣàkóso Èkó láti ìdí òkun ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lára lẹ́tà tí ó ti Èkó jáde, orúkọ Èkó ni ayé ń kà.

Sítáǹpù Èkó méjì lè jọra bí ìbejì. Gbé wọn sí iwájú ìmọ́lẹ̀, ìwọ yóò rí àmì tí ó fara pamọ́ sínú bébà: adé àti lẹ́tà CC ni ó wà nínú ti ìṣáájú, láti 1882 ó di adé àti CA. Ka àwọn ihò wẹ́wẹ́ etí rẹ̀, ìwọ yóò rí i pé ti 1874 kò tó ti 1876. Ní 1893 ẹ̀wẹ̀, sítáǹpù ẹ́pìnnì fẹ́ni kù, wọ́n sì tẹ iye tuntun lé sítáǹpù kọ́bọ̀ mẹ́rin lórí. Nígbà tí ó di 1906, tí a pa Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, sítáǹpù Èkó parí. Ọdún 32 péré ni ó lò. Ti Nàìjíríà dé ní 1914. Ní 1936 kòkó wa wà lórí sítáǹpù kọ́bọ̀ kan. Ní 1953 orí idẹ Ifẹ̀ wà lórí ti sísì. Ní Tógò lọ́hùn-ún, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jámánì ní 1914, sítáǹpù Jámánì kan náà ni wọ́n lò, ọkọ̀ ojú omi olú-ọba Jámánì ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n kàn tẹ̀wé lé e lórí pé ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Sítáǹpù nìkan kọ́ ni mo ń sọ. Òǹtẹ̀ tí a lù lé e lórí dùn mọ́ mi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Sítáǹpù tuntun tí kò rìnrìn àjò rí, kí ni yóò sọ fún wa? Ṣùgbọ́n àpò lẹ́tà tí òǹtẹ̀ ibi tí ó ti kúrò àti òǹtẹ̀ ibi tí ó gúnlẹ̀ sí wà lára rẹ̀, a lè ka ọjọ́ tí ó lò lọ́nà. A lè fi ti ṣáájú wé ti ẹ̀yìn 1901, ọdún tí a ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kí a sì mọ ohun tí ọkọ̀ ojú irin yí padà. Orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí ń bẹ níbẹ̀, àdúgbò rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Ní 1950, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣe ìwádìí sítáǹpù àti òǹtẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. West Africa Study Circle ni wọ́n ń jẹ́, Cameo sì ni ìwé ìròyìn wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ ó ń dùn mí pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ni ó ń bá wa ṣọ́ òǹtẹ̀ ìlú wa, nígbà tí àwa, bí baálé ilé bá kú, a óò kó àpótí lẹ́tà rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, a óò sì ṣáná sí i. Ìwé ilẹ̀ nìkan ni a máa ń yọ sílẹ̀. Lẹ́tà tí bàbá kọ láti ojú ogun, lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n kọ láti Kùmásí, gbogbo rẹ̀ a di eérú. Lóde òní tí ó jẹ́ pé orí tẹlifóònù ni a ń bá ara wa sọ̀rọ̀, irú wọn kò ní pọ̀ sí i mọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń fẹ́ kí àwọn ilé ìwé wa ní ẹgbẹ́ yìí. Ọmọ mẹ́fà tó láti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ kan tí ó ní sùúrù, ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ kan, àti awò tí ń mú nǹkan tóbi. Kí olúkúlùkù lọ bẹ ìyá-ìyá rẹ̀ kí ó fi àpótí hàn án. Bí sítáǹpù bá jẹ́ ti àìpẹ́ yìí, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò sì hàn, a lè gé e pẹ̀lú igun àpò rẹ̀, kí a rẹ ẹ́ sínú omi tútù títí yóò fi tú fúnra rẹ̀, kí a sì sá a sórí aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n bí àpò náà bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀bẹ kàn án. Odidi rẹ̀ ni kí a tọ́jú, lẹ́tà inú rẹ̀ pẹ̀lú, kí a sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ ìdílé tí ó ni ín sẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Olóòtú, mo rí i pé ọ̀gá olùkọ́ tí ó jókòó lọ́wọ́ òsì mi ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ilé ìwé. Mo dákẹ́ ná, kí wọ́n lè bi mí ní ìbéèrè wọn.