Àgò Ọkọ̀

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ gbọ́ o. Tráfíkétọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Kókó rẹ̀ rèé: ẹ tan iná kí ẹ tó yà.

Ẹni tó ru ẹrù wọ ọjà, kó tó kan èèyàn lára ló ti ń ké "àgò o!" Kì í dúró dìgbà tó bá gbá alátẹ ṣubú. Àgò ọkọ̀ ni tráfíkétọ̀. Ẹ ké e sílẹ̀, ẹ wo dígí, kí ẹ tó yí ọwọ́. Pàápàá tó bá jẹ́ òsì lẹ ń yà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà ní Nàìjíríà. Iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ dá kọjá yẹn.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni ti oríta. Awakọ̀ ń lọ tààrà, ó wá tan tọ̀tún-tòsì pọ̀! Ọlọ́kadà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, iná ẹyọ kan ló ń rí. Ó ti gbà pé ọ̀dọ̀ òun lọkọ̀ ń yà bọ̀. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú títì ló ni iná méjèèjì. Tààrà lẹ ń lọ? Ẹ má tan nǹkan kan.

Bí ìró tráfíkétọ̀ bá sì ṣàdédé ń sáré, ta-ta-ta-ta, ó ṣeé ṣe kí gílóòbù kan ti jó. Ẹ yà lọ́dọ̀ rìwáyà.

Mo tún un sọ: kí ẹ tó yà ni. Bí ẹ bá ti yà tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa iná náà.