Igi Wo Lẹ Gbìn Síbi Tí Ọmọ Ti Ń Ṣeré?

Òjò ti dé, kálukú ń gbin nǹkan yí ilé ká. Àwọn kan ń gbin òdòdó kí ilé lè lẹ́wà, àwọn kan ń ṣọgbà kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbìn ín, ẹ bi ara yín: bí ọmọ ọlọ́dún méjì bá já a fi sẹ́nu, kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí lápálápá, tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ̀tujẹ̀. Mo mọ ìdí tí a fi ń fi í ṣọgbà: ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ gún un mọ́lẹ̀, ó hù. Èso rẹ̀ ni ìjàngbọ̀n. Tó bá gbẹ, kóró dúdú mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ẹyọ kan. Àwọn ọmọ á fọ́ ọ bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà, kò sì korò, ó dùn díẹ̀ lẹ́nu. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò pẹ́, èébì á bẹ̀rẹ̀, inú á máa run ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e, omi ara á sì máa tán. Kóró náà kò ní láti pọ̀ o.

Òmíràn ni òdòdó tí Faransé ń pè ní laurier. Ọ̀kan ń yọ òdòdó pupa tàbí funfun, èkejì ń yọ òdòdó yẹ́lò tó rí bí agogo. Kì í ṣe ewé laurier tí a ń fi sọ́bẹ̀ o! Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ má já ewé òdòdó yìí sínú ìkòkò láé. Ewé, òdòdó, èso, oje, gbogbo rẹ̀ ni májèlé, ọkàn ló sì ń bá jà: ó lè mú kí ọkàn máa lù ségesège títí tó fi máa dúró.

Bí ọmọ bá ti jẹ irú nǹkan báyìí, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ìyá àgbà lè bínú sí mi, ṣùgbọ́n epo kì í pa májèlé. Bí ọmọ bá ń bì, epo lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn kan á wá di méjì. Ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi nu ún, kí ẹ gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá ṣì le. Ẹ mú ẹ̀ka tàbí kóró náà dání. Òun ló máa sọ fún wa ohun tí à ń bá jà.

Kí wá ni kí ẹ gbìn? Akòko! Igi tiwa ni, ewé rẹ̀ la fi ń joyè. Ẹ̀ka rẹ̀ náà ń hù bí ẹ bá gún un. Ẹ gún un súnmọ́ra, á di ògiri. Lápálápá tí ẹ rò pé tiwa ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Nínú ọgbà, ẹ gbin ewúro. Ẹ gbin mọ̀ríńgà, tí a ń pè ní ewé ilé. Íńdíà ni òun náà ti wá, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi, torí ewé rẹ̀ ń ṣe ojú ọmọ lóore, ó sì ń fún ẹ̀jẹ̀ ìyá lágbára. Ewé rẹ̀ nìkan ni mo wí. Kí aboyún má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ gbin ìbẹ́pẹ náà bí àyè bá wà.

Koríko ọba ńkọ́? Ẹ gbìn ín, ẹ fi mu tíì. Pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní kí ẹ̀fọn má wọlé, ẹ ṣì máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá sì ń gé lápálápá kúrò, ẹ má jẹ́ kí oje rẹ̀ ta sójú. Ní ti laurier olódòdó, ẹ má fi igi rẹ̀ dáná, ẹ má fi gún ẹran sísun, èéfín rẹ̀ gan-an léwu. Inú ilẹ̀ ni kí ẹ rì í mọ́.