Eré Ṣíṣe àti Ọnà Èdè fún Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ní ìparí ọdún 2025, orílẹ̀-èdè méjì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sọ ọ̀rọ̀ méjì tí ó tako ara wọn nípa èdè tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọdé. Ní oṣù kẹwàá, Haruna Iddrisu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Gánà, pàṣẹ pé kí àwọn olùkọ́ máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, Tunji Alausa, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń kùnà nínú ìdánwò ní àwọn ẹkùn tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti gba ilẹ̀ kan lórí ìṣirò, lórí sáyẹ́ǹsì àti lórí ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀kọ́ kan wà tí ènìyàn kì í sábà dárúkọ nínú àríyànjiyàn náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ọgbẹ́ náà yóò ti kọ́kọ́ hàn. Ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe àti ọnà èdè ni: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kí ó lè mọ ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn àti ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì, kí ó sì dá àfiwé, àsọdùn àti ìfohunpènìyàn mọ̀ nígbà tí ó bá gbọ́ wọn.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì rí yóò mọ bí a ṣe máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀pọ̀ ibi. Olùkọ́ a kọ ìtumọ̀ àfiwé sí ojú pátákó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ a sì kà á tẹ̀lé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú ohùn rara. Àpẹẹrẹ inú ìwé lè jẹ́ ti yìnyín tí ó bo ilẹ̀, èyí tí ọmọ náà kò rí rí. Ọmọ a há a sórí, a sì gba máàkì. Nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, ọmọ kan náà a sáré jáde, a sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé orí rẹ̀ rí rìbìtì bí ìkòkò tí ìyá arúgbó fi ń se ẹ̀wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ a dá a lóhùn pé bí orí òun bá jẹ́ ìkòkò, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni igi ìdáná tí wọ́n kì bọ abẹ́ rẹ̀. Àfiwé tààrà ni ti ẹni àkọ́kọ́, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ti ẹnì kejì. Àwọn méjèèjì ti yege ní pápá, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn. Njakịrị ni àwọn Ígbò ń pe irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìlú tí ọmọdé rẹ̀ kò mọ tirẹ̀ í ṣe. Orúkọ nìkan ni ó kù kí olùkọ́ sọ ohun tí ọmọ ti ní lọ́wọ́.

Bí ti èdè ti rí ni ti eré rí. Ní ilẹ̀ Háúsá, bí oṣù àwẹ̀ bá ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn ọmọdé a máa jáde ní alẹ́ láti ṣe eré tí wọ́n ń pè ní tashe. Wọn a fi òwú ṣe irùngbọ̀n funfun. Ọmọkùnrin a di bàbá arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ọmọbìnrin a gbé ẹ̀wù ọkùnrin wọ̀, a sì di ọkọ ìyàwó. Wọn a máa ti ilé dé ilé, onílé a sì fún wọn ní owó tàbí oúnjẹ. Nínú èyí tí a mọ̀ sí Mairama da Daudu, ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n ń sín jẹ. Aṣọ eré wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, àgbàlá onílé ni ojú ìtàgé, onílé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni òǹwòran. Èdè Háúsá fúnra rẹ̀ ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, nítorí wasan kwaikwayo ni ó ń pe eré onítàn, èyí tí í ṣe eré ìsínjẹ. Ọmọ tí ó ti ṣe tashe rí kò tún nílò àlàyé gígùn lórí ẹni tí òṣèré jẹ́.

Ààlọ́ ńkọ́? Gizo aláǹtakùn ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn Háúsá, Ananse aláǹtakùn sì ni ní ọ̀dọ̀ àwọn Akan ti Gánà. Àwọn Ígbò gbé ipò náà fún ìjàpá, tí wọ́n ń pè ní Mbe, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ṣe. Ọmọ tí ó bá gbọ́ pé ìjàpá di ẹrù, ó kí ìyàwó rẹ̀ pé ó dìgbóṣe, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n, ti pàdé ìfohunpènìyàn láti orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ẹni tí ó fi èyí ṣe iṣẹ́ gidi ni Efua Sutherland, olùkọ́ tí a bí ní Cape Coast ní ọdún 1924. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Cambridge, ó sì padà sí ilé ní ọdún 1951. Ní ọdún 1961 ni ilé eré tí ó dá sílẹ̀, Ghana Drama Studio, ṣí ilẹ̀kùn ní Accra. Wọ́n wó ilé náà nígbà tí ó yá láti fi ààyè gba Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-èdè tí a ṣí ní ọdún 1992, wọ́n sì kọ́ irú rẹ̀ mìíràn sí yunifásítì ní Legon. Àwọn tí ó mọ ti àkọ́kọ́ kò gbàgbé rẹ̀. Ní abúlé Atwia ní ilẹ̀ Ekumfi, òun àti àwọn ará abúlé jọ kọ́ ilé kan tí wọ́n pè ní Kodzidan, èyíinì ni ilé ìtàn.

Ohun tí Sutherland rí nínú ìtàn Ananse ni mmoguo. Bí ẹnì kan bá ń sọ ìtàn lọ́wọ́, ẹlòmíràn nínú àwùjọ lè dá a dúró, kí ó dá orin, kí gbogbo ènìyàn gbè é, kí ìtàn tó tún máa lọ. Nítorí náà kò sí òǹwòran tí ó kàn jókòó lásán. Ní ọdún 1968, eré rẹ̀ méjì fún ọmọdé, Vulture! Vulture! àti Tahinta, jáde nínú ìwé kan. Eré tí a gbé ka orí ìró àti ègbè ni wọ́n. Olùkọ́ tí ó ní àádọ́ta tàbí ọgọ́ta ọmọ nínú yàrá kan yóò mọ iye ohun tí èyí jẹ́. Eré inú ìwé lè ní ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta. Ọmọ mẹ́ta a ṣeré, àwọn ìyókù a máa fi ẹsẹ̀ gbá ara wọn lábẹ́ àga. Bí ègbè bá wà, gbogbo wọn ni òṣèré.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Ìtàn ajigbèsè kan wà tí ó pe gbogbo àwọn olówó rẹ̀ sí ilé ní ọjọ́ kan náà. Adìyẹ ni ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ológbò, lẹ́yìn rẹ̀ ajá, lẹ́yìn rẹ̀ ìkookò. Bí ọ̀kan ti ń dé ni ó ń pa èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ, gbèsè sì ń dínkù. Olùkọ́ kò ní kọ ohunkóhun sí ojú pátákó. Yóò ní kí ọmọ kan jókòó bí ajigbèsè, kí òmíràn wá kan ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí adìyẹ. Ọmọ náà yóò kàn án, kó, kó, kó, ìró ilẹ̀kùn sì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ajigbèsè yóò ní kí adìyẹ fi ara pamọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí àlejò ń bọ̀. Níbi yìí ni gbogbo kíláàsì yóò pariwo pé kí ó má lọ síbẹ̀, nítorí wọ́n mọ ẹni tí ń bọ̀, adìyẹ kò sì mọ̀. Kí olùkọ́ dá eré dúró wàyí, kí ó bi wọ́n pé kí ni ó dé tí wọ́n fi pariwo. Ìdáhùn tí wọn yóò fún un ni ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ṣòro jù lọ nínú ẹ̀kọ́ eré, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fúnra wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò bi adìyẹ bí ojú ológbò ti rí, adìyẹ yóò sì dáhùn pé ó ń tàn bí iná ọkọ̀ lóru. Ìgbà yìí ni ó tó wá gbé ṣọ́ọ̀kì, tí ó kọ orúkọ àfiwé.

Ẹni tí ó bá sọ pé iṣẹ́ yìí rọrùn kò tí ì kọ́ ọmọ ní Jos tàbí ní Warri, níbi tí èdè márùn-ún tàbí mẹ́fà lè wà nínú kíláàsì kan, tí olùkọ́ kò sì gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Èdè Nàìjíríà ju 500 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ìwé kíkà fún ọmọdé. Nígbà tí ìlànà ọdún 2022 jáde, Adamu Adamu tí í ṣe mínísítà nígbà náà sọ gbangba pé kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán àfi bí ìwé àti olùkọ́ bá wà. Ọdún mẹ́ta ni ìlànà náà lò kí wọ́n tó wọ́gi lé e.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a di èdè abínibí ní ẹ̀bi ìwé tí a kò tẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn ní ohunkóhun, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwé fún wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ wọn.

Èdè ìkọ́ni ni ìkéde oṣù kọkànlá ọdún 2025 dá lé lórí. Kò fi òfin de ìtàn, kò sì fi òfin de eré. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lè jẹ́ kí àwọn ọmọ fi èdè ilé wọn ṣe eré ajigbèsè ní Ọjọ́bọ̀, kí ó sì mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn ọnà èdè náà wá fún wọn ní Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ti wà ní ojú wọn. Ohun tí ó ń bani lẹ́rù ni pé olùkọ́ tí ó bá ń bẹ̀rù alábẹ̀wò lè rò pé ewu wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ kẹwàá oṣù àwẹ̀ bá tún pé, àwọn ọmọ Kano àti Zaria yóò tún wá òwú fi ṣe irùngbọ̀n. Lẹ́yìn ọdún, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, wọn yóò jókòó sí kíláàsì, olùkọ́ yóò kọ dírámà sí ojú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì bi wọ́n bóyá ẹnì kankan nínú wọn ti rí i rí.