Owó Ọjà Kọ́ Ni Èrè: Ohun Tí Iṣẹ́ POS Kọ́ Mi Nípa Òṣèlú

Bóyá inú mọ́tò lẹ ti ń gbọ́ mi, láàrin Berger sí Mówè, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bóyá ilé lẹ wà, tí ẹ ń retí kí wọ́n mú iná dé. Ẹ kú ìnáwó dátà. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ara mi.

Àwọn tó ti ń gbọ́ wa tipẹ́ mọ̀ pé POS ni mò ń ṣe. Agboòrùn kan, tábìlì kan, àga oníke méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbí ní Mówè. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, 300,000 náírà lè wà nínú báàgì tí mo so mọ́ ìdí. Ẹni tó bá rí mi á ní ọmọ yìí ti lówó. Èmi gan-an ti ń gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá mú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi dé, mo yọ 45,000 nínú owó yẹn. Mo ní màá dá a padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn aṣọ, ó ku gèlè. Lẹ́yìn gèlè, ó ku bàtà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìyá kan tó ń ta ata wá gba 50,000 tó fẹ́ fi lọ sọ́jà. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, owó ò tíì wọlé." Ìyá ò bá mi jà. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n sọdá títì, wọ́n lọ bá ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ agboòrùn kejì. Títí dòní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Tá a bá pàdé, wọ́n á kí mi dáadáa o: "Ìyàwó mi, ṣé àlàáfíà ni?" Ṣùgbọ́n káàdì wọn ò kan ẹ̀rọ mi mọ́.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé owó tó wà ní ìdí mi kì í ṣe tèmi. 100 náírà, 200 náírà tí mo ń gbà lórí rẹ̀, ìyẹn ni tèmi. Ìyókù, owó ọjà ni. Bí mo bá jẹ èrè, mo jẹun. Bí mo bá jẹ owó ọjà, ṣọ́ọ̀bù ni mò ń jẹ yẹn, mi ò kàn tíì mọ̀ ni.

Ẹ ò rí i, ohun tí mo rò pé ọ̀pọ̀ olóṣèlú wa ò mọ̀ nìyẹn. Owó tó ń ti Àbújá wá lóṣooṣù, èrè ni wọ́n kà á sí. Kì í sì í ṣe pé wọn ò ṣòwò rí. Láti 2003, gómìnà mẹ́ta tó tẹ̀ léra ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí: Gbenga Daniel, ẹnjiníà tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Ibikunle Amosun, akáǹtáǹtì, Dapo Abiodun, tó ti ìdí òwò epo wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká ṣáà gbé oníṣòwò síbẹ̀, pé gbogbo ẹ̀ á dára, kó wọ bàtà òjò wá kí wa ní àdúgbò wa.

Irú òwò tí mò ń sọ, òwò ẹni tó ń di owó olówó mú ni. Ẹ ti gbọ́ ọ rí: "Orí ẹ pé bíi ti alájọ Ṣómólú." Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àlọ́ ni. Èèyàn gidi ni. Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ bàbá náà, ọmọ Isonyin nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí náà. 1915 ni wọ́n bí wọn, 2012 ni wọ́n kú. Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà Ṣómólú ni wọ́n ti ń gba àjọ. Ẹ mọ bí àjọ ṣe ń lọ: o dá owó lójoojúmọ́, nígbà tí oṣù bá pé, alájọ yọ owó ọjọ́ kan ṣoṣo, ó kó gbogbo ìyókù fún ẹ. Owó ọjọ́ kan péré! Wọ́n ní bàbá yìí kì í kọ nǹkan sílẹ̀, síbẹ̀ kò ṣi owó ẹnikẹ́ni.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń rẹ́rìn-ín ni pé ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ó jọ wèrè, àbí? Ṣùgbọ́n mọ́tò ò ráyè wọ àwọn kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ ráyè. Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò jíìpù méje tó máa ń tẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo wá síbí lásìkò ìbò, tí wọ́n á páàkì sí títì torí pé jíìpù gan-an ò lè wọ ojú ọ̀nà wa.

Olóṣèlú kan wà tí òwò ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ará Ìkẹ́nnẹ́. Kó tó di lọ́yà, ó ra kòkó tà, ó fi mọ́tò ṣòwò, òwò náà sì wó lé e lórí lẹ́yìn 1935, ó jẹ gbèsè. Nígbà tó dé ìjọba ní 1952, oyè tí wọ́n fún un ni Leader of Government Business. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn o, bísínẹ́ẹ̀sì!

Ní July 1952, S. O. Awokoya tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gbé e síwájú ilé ìgbìmọ̀ pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa di ọ̀fẹ́ ní January 1955. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọdún méjì àtààbọ̀ ni wọ́n fi kọ́ olùkọ́, tí wọ́n fi kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n sì sọ iye tó máa ná aráàlú: ṣílè mẹ́wàá àti sísì lórí owó orí. Inú bí àwọn èèyàn. Nínú ìbò àpapọ̀ ti 1954, NCNC na ẹgbẹ́ Action Group ní ilé ara rẹ̀. Ó lè ti ní kí wọ́n pa ètò náà tì. Kò pa á tì. Ní 17 January 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n jẹ́ bíi 457,000 ní 1954 lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Nígbà tí ìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dé ní 1956, àwọn kan náà tó bínú dìbò fún un, ó wọlé. Lójú èmi oní-POS, ó sọ iye tí òun máa gbà kó tó fa káàdì, ó sì san owó náà pé.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín. Ìjọba kan náà ń di owó àwọn àgbẹ̀ kòkó mú nínú Marketing Board, owó tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú iye tí ayé ń ra kòkó kí ó lè gbà wọ́n lọ́jọ́ tí ọjà bá já. Ní 1962, ìgbìmọ̀ Coker ní wọ́n yá ilé-iṣẹ́ kan lára owó náà, pé láti ibẹ̀ ni owó ti wọ àpò ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn olólùfẹ́ Awólọ́wọ̀ ní òṣèlú ló wà nídìí ìwádìí yẹn, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo rí 45,000 tèmi nínú ẹ̀.

Ẹnì kan máa ní ìjọba kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni. Èmi lè sọ fún ẹni tí kò lówó nínú káàdì pé kó máa lọ, ìjọba ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tálákà. Mo gbà. Èrè kọ́ ni mò ń wá lọ́wọ́ wọn, ìṣirò ni.

Torí ẹ wo ìpàdé àdúgbò wa. Àwa la dáwó ra òpó iná, àwa la dáwó da yangí sójú ọ̀nà. Lópin oṣù, akápò á dìde, á ka ìwé, títí dórí 500 náírà káàdì ìpè. Mo ti rí bàbá onílé méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jà torí 2,000 náírà tí kò ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí owó tó ń wọ ibẹ̀ ju tiwa lọ fíìfíì, ta ló ti béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn rí? Ní 11 July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà má dì í mú mọ́. Ó dáa. Àwí-ò-gbọ́ pé ọwọ́ gómìnà ló wà á máa tán lọ.

Olóṣèlú kan wá sípàdé wa láìpẹ́. Mo nawọ́ sókè, mo ní, "Ẹ kúulé sà. Nínú owó oṣù tó kọjá, èló ló wọlé, èló ló kù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ìjọba ò rọrùn bíi POS o." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo jókòó, ojú tì mí díẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti kọ ìbéèrè kan náà sílẹ̀, bàbá onílé méjì tó fẹ́ jà lọ́jọ́sí sì ti ní àwọn máa bá mi bi í. Ẹ̀yin náà, ẹ fi orúkọ káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín ránṣẹ́ sí mi, tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ síbí, oníbàárà ti ń na káàdì sí mi.