Ìránṣẹ́ Tí Wọn Kò Júwe Ilé Fún
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde

Wọ́n ní kí n sọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe. Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ ti ń ta sánsán, n kò ní í pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: bí ẹ̀rọ bá kọ iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni wí.

Ilé ìwòsàn kan ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Linux sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró; nọ́ńbà ẹni tó kàn ló máa ń hàn lójú rẹ̀. Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì á wọlé sínú ẹ̀rọ, á fọwọ́ tẹ ètò náà, ó parí. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tó sì dé, àfi kí ó tún wá tẹ̀ ẹ́. Ni ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn bá fi ètò náà sábẹ́ systemd, kí ó lè máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà kankan kò hàn mọ́. Ìyá arúgbó kan jókòó títí di ọ̀sán, kò mọ̀ pé wọ́n ti fo òun. Ọmọ yìí tu Linux dànù, ó tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ni. Wọ́n ní àwọn á gé owó oṣù rẹ̀.

Kí ni systemd ná? Lennart Poettering àti Kay Sievers ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010. Òun ni ọ̀gá àwọn ìránṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ Linux òde òní: bí ẹ̀rọ bá ti ń jí, òun ló ń jí àwọn yòókù, tó ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó lè jí wọn kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bẹ́ẹ̀, ètò tó máa fara hàn lójú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ojú ẹ̀rọ tó ń lọ. Inú DISPLAY ni àdírẹ́sì náà ń wà, tàbí WAYLAND_DISPLAY lórí àwọn Linux tuntun. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé tó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ètò náà jogún àdírẹ́sì yìí. Nígbà tí systemd pè é, kò jogún nǹkan kan. Ẹ rán ọmọ níṣẹ́, ẹ kò júwe ilé. Ṣé ọmọ ló jẹ̀bi?

Ibi tó ti ń tanni jẹ nìyí. Bí ẹ bá pàṣẹ "systemctl start", ó lè dákẹ́ bí ẹni pé kò síyọnu, nítorí pé ó ti rán ìránṣẹ́ náà. Kò dúró wò ó bóyá ó débẹ̀. "systemctl status" ló sọ fún wa pé ètò náà ti kú. A wá fi "journalctl -u" àti orúkọ iṣẹ́ náà ka àkọsílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ gbangba: "cannot open display". Systemd jí i lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ó jáwọ́. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí a pàṣẹ "xhost +", kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Ẹ má dán an wò o! Ó ṣí i sílẹ̀ fún tolè-tọ̀rẹ́ nìyẹn. Ètò àjèjì lè máa wo ohun tí ẹ ń tẹ̀.

Ohun tí a ṣe kò le. A kọ́kọ́ dá iṣẹ́ àkọ́kọ́ dúró, a gbé fáìlì rẹ̀ kúrò ní /etc/systemd/system lọ sí ~/.config/systemd/user, ìyẹn ilé ẹni tó ń lo ẹ̀rọ. A yọ ìlà "User=" kúrò. A kọ "After=graphical-session.target" àti "PartOf=graphical-session.target" sábẹ́ [Unit], a kọ "WantedBy=graphical-session.target" sábẹ́ [Install], kí ó lè dúró de ojú ẹ̀rọ. GNOME tí wọ́n ń lò mọ ìlànà yìí. A fi "systemctl --user enable" gbà á síṣẹ́. "systemctl --user show-environment" sì fi hàn wá pé àdírẹ́sì ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ṣí àkáǹtì kan tí kò ní àṣírí aláìsàn kankan nínú, a ní kí ẹ̀rọ máa wọlé sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

A yọ iná, a tún un kì bọ ihò. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà fi yọ. Ọmọ náà kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ̀rín pa mí. Wọn kò gé owó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ máa ń fún wa ní máàkì nítorí ọ̀nà tí a gbà ṣe ìṣirò, kì í ṣe nítorí ìdáhùn nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, kí kọ̀ǹpútà tó kàn mí rárá. Ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ ka àkọsílẹ̀ kí ẹ tó gé owó ọmọ ọlọ́mọ.

Olúwa yóò jẹ́ ká tún pàdé láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.