Fóònù Lẹ́nu Ọ̀nà Búkà

A mọ̀ pé èéfín ṣì wà lójú ẹlòmíràn, a kò ní pẹ́ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ni bí olóúnjẹ ṣe lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pe oníbàárà wá sí búkà. Olóúnjẹ ni àwa náà, ní ìhà Ìkẹjà àti Agége níbí. Ohun tí ojú wa ti rí ni a fẹ́ sọ.

Nígbà kan rí, olóúnjẹ kò níláti pe ẹnikẹ́ni. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí ìlú náà tó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1967. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní Ọba Àkran, wọ́n pọ̀ ní Agídíngbì, wọ́n dé Ògbà. Bí aago ọ̀sán bá ti lù, àwọn òṣìṣẹ́ á tú jáde bí eéṣú. Ẹni tó bá ti gbé ìkòkò kalẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ti tà á tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n géètì púpọ̀ ti tì. Ní ọdún 2008 ni Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn di ilé ìkẹ́rùsí, òmíràn di gbọ̀ngàn àríyá. Oníbàárà ṣì ń bẹ o: àwọn ọmọ Computer Village ń bẹ, àwọn oníbáńkì, àwọn télọ̀, àwọn awakọ̀. Wọn kì í kàn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà mọ́ ni. Olúkúlùkù ń wo fóònù rẹ̀ kó tó mọ ibi tí yóò ti jẹun.

Ká sòótọ́, ọdún 2020 ló là wá lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún náà ni àṣẹ ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kí ará Èkó jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà. Ìkòkò wa dojú dé. Ọ̀kan nínú wa ní nọ́ńbà oníbàárà bíi ogún nínú fóònù rẹ̀. Ó kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp pé òun se ẹ̀fọ́ rírò. Ó rí tà. Àwa tó kù mọ ojú oníbàárà wa, a kò mọ nọ́ńbà wọn. A jókòó, à ń wo ara wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo wa sáré kó sínú fóònù, ìsáré náà sì kó bá wa. Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. A ní kí ọmọ kan bá wa wá àwòrán àmàlà tó dára. Ọmọ náà lọ mú àwòrán oúnjẹ oníoúnjẹ wá: abọ́ funfun, ewédú òun gbẹ̀gìrì, ògúnfe, ṣàkì, pọ̀nmọ́ tó nípọn bí sílípáàsì. A gbé e sí Facebook, a kọ orúkọ búkà wa sábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ọ̀rẹ́ méjì wá láti Ògbà. A bu àmàlà fún wọn. Ó wo abọ́, ó wo fóònù.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó wà nínú fóònù yìí la wá jẹ."

"Oníbàárà mi, ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, mà. Ògúnfe dà?"

Kí la fẹ́ wí? Àmàlà wa kò burú. Ká ní kò rí àwòrán yẹn ni, ì bá jẹ ẹ́, ì bá sì ní ká fi kún un. Ṣùgbọ́n ó ti fi ojú jẹ ti ẹlòmíràn kó tó dé. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ àwòrán, àwọn ènìyàn sì kà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó tún ti Ògbà wá.

Nítorí náà, oúnjẹ tí ẹ sè lónìí ni kí ẹ yà. Ẹ gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Ẹ nu etí abọ́. Kí ẹ sì kọ iye owó. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ owó wá bèèrè ní ìkọ̀kọ̀. Àwa kò fara mọ́ ọn rárá. Òṣìṣẹ́ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ kò ní bèèrè, ńṣe ni yóò gba ibòmíràn lọ. Bí tòmátò bá wọ́n, ẹ yí owó náà padà lọ́jọ́ náà gan-an. Owó àná lójú fóònù a máa dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ kọ ibi tí ẹ wà lọ́nà tí àlejò yóò fi mọ̀ ọ́n. "Ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò" kò tó. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti Àgbàdo dé Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Bí ẹ bá sún mọ́ ibùdó rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Àwòrán tí ẹ bá gbé sí status lórí WhatsApp, wákàtí 24 ló ń lò kó tó pòórá. Ẹni tí ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀, tí òun náà tọ́jú nọ́ńbà yín, òun nìkan ló lè rí i. Torí náà, bí ẹ bá ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ rọra sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà wa pamọ́, kí ẹ lè máa rí ohun tí a bá sè." Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ẹ gbé e síbẹ̀, kí ebi tó mú wọn. Èyí tí ẹ bá gbé síbẹ̀ ní aago mẹ́ta, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Àwọn kan yóò ní, Hilda Baci ńkọ́? Lóòótọ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ó dáná fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ní Lẹ́kkí, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé sì ń wò ó lórí fóònù. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwa kò wá gbogbo ayé. Ọgọ́ta ènìyàn tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa ti tó wa.

Fóònù náà a máa dákú o. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kọ iṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà ní gbogbo ayé. Olè náà sì ń bẹ ní Ọ̀ṣọ̀dì. Torí náà, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà yín sínú ìwé. Ọ̀kan nínú wa, èédú ló fi ń fa ìlà sára ògiri tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí ó ti ní ìwé. A rí i tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Bọ̀dá Awakọ̀, kì í jẹ ata púpọ̀." Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi àwòrán álàátì hàn yín pé òun ti sanwó, ẹ wo ti inú fóònù tiyín kí ẹ tó gbé oúnjẹ fún un. Ẹ lè kà á fúnra yín báyìí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú fóònù, ìwé àti bírò wá. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó gbé abọ́ oúnjẹ kan wá, èyí tó sè fúnra rẹ̀. A ó yà á, a ó kọ owó sábẹ́ rẹ̀, a ó sì jẹ ẹ́.